Ìkíni Àárọ̀ Ọjọ́ Ajé

Ojúlùmọ̀ egbèje ni Adékànmí ní lórí LinkedIn, ìkànnì tí àwọn oníṣẹ́ ọ́fíìsì ti ń bá ara wọn pàdé, ṣùgbọ́n láti ìgbà Kérésìmesì kò sí ẹni tó kan ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ bí kò ṣe ẹni tó ṣi nọ́ńbà ilé kà. Àjà kejìlá ilé gogoro kan ni òun, aya rẹ̀ àti ọmọ wọn ń gbé ní Jane and Finch, àdúgbò kan lókè òkun. Bí ènìyàn bá dúró lójú fèrèsé wọn, yóò rí ilé gogoro mẹ́rin mìíràn tó kún fọ́fọ́ fún ènìyàn, kò sì ní rí ẹyọ ẹnìkan tí yóò juwọ́ sí i.

Ní Sátidé tí à ń wí yìí, òun ló kọ́kọ́ jí. Ó jókòó sídìí tábìlì oúnjẹ, ó ṣí fóònù rẹ̀, ó tún ka iṣẹ́ kan tí wọ́n fi rán sí i, èyí tó ti kà tó ìgbà ogún láti Ọjọ́bọ̀.

"Ẹ ṣeun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà sílé wa lọ́jọ́ Sátidé, ní aago méjì."

Àdírẹ́sì ilé kan ní Brooklin ló tẹ̀ lé e. Orúkọ Lékè Ọdẹ́wálé ló wà lókè rẹ̀, pẹ̀lú àwòrán ọkùnrin kan tó wọ táì aláwọ̀ búlúù, tó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ìròyìn ayọ̀ fún.

Brooklin! Ilé tuntun ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹni tó ra ilé tuntun, tó ní aya, tó ní ọmọ, ta ló tún yẹ kó ra ìnṣọ́ránsì ẹ̀mí bí kò ṣe òun?

Ìnṣọ́ránsì ẹ̀mí ni Adékànmí ń tà. Ilé iṣẹ́ tó ń bá ṣe kì í san owó oṣù. Ẹni tí kò bá tà kò ní jẹ. Nathan, ọ̀gá rẹ̀, ti fún un ní ìlà tí kò gbọdọ̀ kọjá: kí ènìyàn mẹ́rin fọwọ́ síwèé kí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ Sátidé yìí tó lù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ó dá fáìlì àti káàdì ilé iṣẹ́ padà. Àwọn mẹ́ta ti fọwọ́ sí i. Àwọn mẹ́ta náà ni Adékànmí fúnra rẹ̀, Olúfúnkẹ́ aya rẹ̀, àti àbúrò Olúfúnkẹ́ tó ń gbé ní Etobicoke. Ẹni kẹrin ló kù.

Olúfúnkẹ́ wà nídìí iná, ó ń yọ mọ́ínmọ́ín nínú ìkòkò. Àwọn arúgbó ló ń tọ́jú nílé àwọn àgbàlagbà, Sátidé yìí nìkan ló sì ní ìsinmi nínú oṣù, ṣùgbọ́n ẹ̀wà ló fi òwúrọ̀ rẹ̀ lọ̀. Kò yíjú padà nígbà tó sọ̀rọ̀.

"Ṣé ẹ ti pè é?"

"Ta ni?"

"Ọkùnrin Brooklin yẹn."

"A kì í pè wọ́n. Nathan ní bí a bá tún pè wọ́n kí ọjọ́ tó pé, wọ́n á ní àwọn ò sí nílé mọ́. Ó ní kí n wá, mo ń lọ. Ó parí."

"Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe ń lọ sílé èèyàn ní Ìbàdàn? Bí wọ́n bá rán èèyàn níṣẹ́ ẹrú, ṣebí tọmọ là ń fi jẹ́ ẹ. Ẹ pe ọkùnrin náà, Bàbá Oyinkán. Ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀. Ẹ bi í bóyá ara rẹ̀ le."

"Mo ń bi í. Gbogbo ọjọ́ Ajé ni mo ń bi í."

"Ẹ̀yin ni, àbí ẹ̀rọ yín?"

Adékànmí bẹ̀rẹ̀ sí í fi aṣọ nu fáìlì rẹ̀, fáìlì tí kò ní ìdọ̀tí kankan lára.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ yìí, bó ṣe rí nìyí. Nathan ti kọ́ wọn pé bí o bá fẹ́ rí oníbàárà lórí ìkànnì yẹn, kí o wọ inú ọ̀rọ̀ lọ tààrà. Ṣùgbọ́n Adékànmí mọ̀ pé a kì í tajà fún ọmọ Yorùbá láì kọ́kọ́ kí i. Ó ṣa orúkọ irínwó tó jẹ́ ti ọmọ ilé nínú egbèje náà. Ó fi alẹ́ méjì gbáko kọ "Bọ̀dá" tàbí "Àǹtí" síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ó rí òun fín. Lẹ́yìn náà ló kọ ìkíni kan ṣoṣo, ó kó gbogbo rẹ̀ fún ẹ̀rọ, ẹ̀rọ sì ń fi ránṣẹ́ ní aago méje àárọ̀ gbogbo ọjọ́ Ajé: "Ẹ káàárọ̀ o, Bọ̀dá Lékè. Ẹ kú ìmúra ọ̀sẹ̀. Mo rántí yín nínú àdúrà mi láàárọ̀ yìí. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo ilé wà?" Orúkọ Adékànmí àti iṣẹ́ rẹ̀ ló wà nísàlẹ̀.

Mo rántí yín nínú àdúrà mi. Ìgbà kan wà tí Adékànmí kì í sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láì jẹ́ pé ó ti orí ìkúnlẹ̀ dìde.

Oyinkán, ọmọ wọn ọdún mẹ́wàá, jáde láti yàrá pẹ̀lú ìwé mẹ́ta lọ́wọ́. "Daddy, you said library today."

"Tí mo bá ti dé, ọmọ mi."

"You always say that."

"Oyinkán, ṣé bí wọ́n ṣe ń kí bàbá ẹni láàárọ̀ nìyẹn?" ni ìyá rẹ̀ wí.

Ọmọ náà kúnlẹ̀ díẹ̀, ó dìde, ó sì padà wọlé. Wọ́n gbọ́ bí ilẹ̀kùn ṣe pa dé, jẹ́ẹ́jẹ́.

Olúfúnkẹ́ fi bébà onífàdákà wé mọ́ínmọ́ín mẹ́fà, ó kó wọn sínú àpò, ó sì gbé e síwájú ọkọ rẹ̀. "A kì í wọlé onílé lọ́wọ́ òfo. Ṣùgbọ́n ẹ rántí àdéhùn wa. Bí ti òní ò bá bọ́ sí i, Bọ̀dá Àlímì ni ẹ ó tẹ̀ lé lọ gbé ẹrù ní warehouse láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Mi ò bínú sí yín. Ó ti rẹ̀ mí ni."

Àlímì tí wọ́n ń sọ, ilé tó kọjú sí tiwọn ló ń gbé. Àfi bí ẹni pé wọ́n fi ọ̀rọ̀ pè é, nítorí bí Adékànmí ti wọ inú ẹ̀rọ agbénilọ-sókè, Àlímì àti ìyàwó rẹ̀ ló bá níbẹ̀. Ìyàwó náà rí fáìlì, ó fi ìgúnpá gún ọkọ rẹ̀.

"Alàgbà!" ni Àlímì wí, ó sì gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tí ọlọ́pàá dá dúró. "Mo ti ní ìnṣọ́ránsì o! Ti mọ́tò mo ní, ti eyín mo ní, ti ìyá àgbà mi nílé náà mo ní!"

Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi fọwọ́ bojú. Adékànmí náà rẹ́rìn-ín, nítorí kí ló tún lè ṣe?

"Ẹ má bínú, eré ni mò ń ṣe," ni Àlímì wí nígbà tí wọ́n délẹ̀. "Ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń gba èèyàn níbi iṣẹ́ wa. Aago márùn-ún àárọ̀ la máa ń jáde. Ẹ ra bàtà tó nípọn."

"Ẹ ṣeun. Ọlọ́run á ṣe é."

"Ọlọ́run á ṣe é," ni Àlímì wí, ó sì yára jáde, kí ọ̀rọ̀ náà má baà gùn.

Bọ́ọ̀sì, subway abẹ́ ilẹ̀, ọkọ̀ ojú irin, lẹ́yìn náà bọ́ọ̀sì mìíràn: ó lé ní wákàtí méjì tí Adékànmí fi rìn. Oṣù Kẹta ni, yìnyín tó ṣẹ́kù lẹ́bàá ọ̀nà ti dúdú bí eérú. Nínú ọkọ̀ ojú irin, ó ń fi ohun tí yóò sọ dánra wò. Yóò kọ́kọ́ kí wọn. Yóò yin ilé náà. Yóò rán Bọ̀dá Lékè létí ọjọ́ kan ṣoṣo tí wọ́n rí ara wọn lójúkojú, níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan tí wọ́n ṣe fún àwọn àjèjì ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Etobicoke. Yìnyín ń bọ́ lọ́jọ́ náà bí ẹni ń da ìyẹ̀fun. Bọ̀dá Lékè gbé e nínú mọ́tò títí dé Jane and Finch, kì í sì í ṣe ọ̀nà ilé rẹ̀ rárá. Orin ìyìn ni wọ́n jọ kọ lọ́nà. Wọ́n ní àwọn yóò tún rí ara wọn.

Ó dé Brooklin ní aago méjì ku díẹ̀. Àdúgbò náà tuntun débi pé kò sí igi kan níbẹ̀ tó ga ju ènìyàn lọ. Ó gbé fáìlì sábíyá, ó gbé àpò mọ́ínmọ́ín lọ́wọ́, ó tẹ aago ẹnu ọ̀nà.

Obìnrin kan tó lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún ló ṣí ilẹ̀kùn. Aṣọ dúdú ló wọ̀ látòkè délẹ̀.

"Ẹ̀yin ni Adékànmí," ó ní. Kì í ṣe pé ó ń béèrè. "Ẹ wọlé. Èmi ni Fọláyọ̀, ìyàwó bọ̀dá yín."

Adékànmí dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó bọ́ bàtà, ó wọlé. Ohun tó kọ́kọ́ rí ni àga, àga onírin tí wọ́n ń ká, bíi méjìlélógún, tí wọ́n tò sára ògiri bí ìgbà tí ìsìn parí. Ohun kejì tó rí ni tábìlì kékeré kan. Ìwé ńlá kan ṣí sílẹ̀ lórí rẹ̀, pẹ̀lú bíírò. Lẹ́yìn ìwé náà ni àwòrán ọkùnrin kan wà nínú férémù, táì aláwọ̀ búlúù lọ́rùn rẹ̀, tó ń rẹ́rìn-ín.

Àwòrán kan náà ni.

Àǹtí Fọláyọ̀ ti gba àpò lọ́wọ́ Adékànmí, ó gbóòórùn ohun tó wà nínú rẹ̀, ojú rẹ̀ sì rọ̀.

"Mọ́ínmọ́ín! Ẹ ti gbọ́ nìyẹn. Ẹ ṣeun tí ẹ ò wá lọ́wọ́ òfo. Ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lánàá."

Ẹnu ènìyàn a máa yára ju ọkàn rẹ̀ lọ. "Ẹ kú ìrójú, mà," ni Adékànmí wí. "Ọlọ́run á tù yín nínú." Ó jókòó, ó sì rọra ti fáìlì sẹ́yìn ara rẹ̀ lórí àga.

Obìnrin náà gbé omi wá. Òun náà jókòó, ó na ọwọ́ lórí itan rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi ní kí ẹ wá. Nígbà tí àìsàn náà bẹ̀rẹ̀ lóṣù Kẹjọ, àwọn èèyàn wá. Ìta yẹn kún fún mọ́tò. Nígbà tó di oṣù Kẹwàá, wọ́n ń pè. Nígbà tó fi máa di Kérésìmesì..." Ó fi ọwọ́ gbá nǹkan kan kúrò lórí tábìlì, nǹkan tí Adékànmí kò rí. "Mi ò bá wọn jà. Èèyàn ń ṣe shift méjì, ó ń wa mọ́tò wákàtí kan, ó lọ́mọ. Ṣùgbọ́n gbogbo ọjọ́ Ajé, bí aago bá ti lu méje, fóònù bọ̀dá yín á dún. Á ní, 'Fọláyọ̀, bá mi wò ó, Kànmí nìyẹn.' Èmi ni mo máa ń kà á sí i létí. Á ní kí n tún un kà. Á ní, 'Ọkùnrin tí mo gbé nínú mọ́tò lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ wo bó ṣe ń gbàdúrà fún mi.'"

Adékànmí ń wo omi inú ife.

"Ọjọ́ Jímọ́ọ̀ ló kú. Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, fóònù tún dún."

Ó dìde, ó mú fóònù kan wá láti orí àpótí, ó fi lé Adékànmí lọ́wọ́. "Gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Mi ò pa ọ̀kan rẹ́."

Adékànmí bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka yí i sókè. Ẹ káàárọ̀ o, Bọ̀dá Lékè. Ẹ káàárọ̀ o, Bọ̀dá Lékè. Mo rántí yín nínú àdúrà mi. Mo rántí yín nínú àdúrà mi. Ọ̀rọ̀ kan náà ló ń sọ̀ kalẹ̀ bí omi ẹ̀rọ. Ní oṣù Kẹsàn-án, láàárín ìkíni méjì, ó rí ìlà kan tí kì í ṣe tirẹ̀.

"Kànmí, ẹ ṣeun. Ara mi kò le. Bí ẹ bá rí àyè, ẹ yà kí mi."

Nígbà náà ló rántí. Inú subway ló wà lọ́jọ́ tó ka ìlà yẹn. Ó ní ìwé kan tí Nathan fún wọn, tí wọ́n fi ń ya àwọn ènìyàn sọ́tọ̀ bí wọ́n bá ṣe sún mọ́ rírà sí: àwọn tó gbóná, àwọn tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, àwọn tó tutù. Ó kà á pé ara ọkùnrin náà kò le. Ó rò ó pé ilé iṣẹ́ kì í ta ìnṣọ́ránsì ẹ̀mí fún aláìsàn. Ó mú orúkọ rẹ̀, ó gbé e sábẹ́ àwọn tó tutù, ó sì sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni ẹ̀rọ tún kí Bọ̀dá Lékè.

"Mo rí iṣẹ́ yín nísàlẹ̀ rẹ̀," Àǹtí Fọláyọ̀ ń sọ̀rọ̀ lọ. "Ìnṣọ́ránsì. Mo sì rí fáìlì tí ẹ tì sẹ́yìn yẹn, ẹ má tijú. Oúnjẹ òòjọ́ yín ni. Mi ò ní nǹkan tí mo lè fi dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ mú ìwé náà wá, kí n fọwọ́ sí i."

Ọ̀rọ̀ ti gùn; aago ara ògiri fi hàn pé aago mẹ́ta àbọ̀ ni. Wákàtí kan àbọ̀ ló kù. Ìwé náà wà níbẹ̀, bíírò wà nínú rẹ̀, ẹni kẹrin jókòó níwájú rẹ̀, ó na ọwọ́ ọ̀tún.

Adékànmí mú fáìlì jáde. Ó ṣí i. Ó fa ìwé náà yọ dé ìdajì. Ọwọ́ rẹ̀ dúró síbẹ̀.

"Mà, kì í ṣe èmi," ó ní.

Obìnrin náà ń wò ó.

"Ẹ̀rọ ni. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo kọ ọ́. Irínwó èèyàn ló ń rí i gbà, ọ̀rọ̀ kan náà, wákàtí kan náà. Èyí tí bọ̀dá kọ sí mi, mo rí i, mà. Mo kà á. Mi ò wá. Mi ò sì gbọ́ pé wọ́n ti kú. Ìyàwó mi ló ní kí n mú mọ́ínmọ́ín dání. Ìnṣọ́ránsì ni mo wá tà fún wọn."

Fíríìjì ń kùn nínú kíṣìnnì. Mọ́tò kan kọjá níta, kò dúró.

"Mo mọ̀," ni Àǹtí Fọláyọ̀ wí.

Adékànmí gbójú sókè.

"Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀. Jọláolúwa, ọmọ mi obìnrin, ló wò ó lọ́jọ́ kan, ó ní, 'Mummy, it's a bot.' Mo mú un lọ sí kíṣìnnì. Mo ní bó bá sọ ọ́ létí bàbá rẹ̀, èmi àti ẹ̀ ni." Ó ká aṣọ orí rẹ̀ sẹ́yìn etí. "Ògì ife kékeré ni bọ̀dá yín ń mu láàárọ̀, kì í mu ún tán. Ọjọ́ Ajé nìkan ló máa ń mu ún tán."

Adékànmí ti ìwé náà padà sínú fáìlì, ó pa á dé. Obìnrin náà ti ká ọwọ́ rẹ̀ padà sórí itan. Kò tún béèrè bíírò.

Ó dìde, ó tú mọ́ínmọ́ín méjì sínú àwo méjì, ó gbé ọ̀kan síwájú àlejò rẹ̀. Wọ́n jẹun. Ojú lọ̀rọ̀ wà, ṣùgbọ́n ojú Adékànmí kò lè kúrò nínú àwo.

"Ìyàwó yín mọ̀ ọ́n sè."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Òun ló ní kí n pè yín kí n tó wá."

Nǹkan kan tó jọ ẹ̀rín jáde lẹ́nu obìnrin náà. "Kí lẹ wá ní?"

"Mo ní a kì í pè."

Nígbà tí wọ́n jẹun tán, ó tọ́ka sí àwọn àga ara ògiri. "Ti ṣọ́ọ̀ṣì ni. Láti ọjọ́ ìsìnkú ni wọ́n ti ní àwọn ń bọ̀ wá kó o. Bí mo bá ń wò wọ́n, ó ń ṣe mí bíi pé èèyàn ṣì ń bọ̀. Ẹ bá mi kó wọn sí gáréèjì."

Adékànmí bọ́ kóòtù rẹ̀. Ó ń gbé wọn ní méjì méjì. Ó ti kó ìdajì nígbà tí fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n nínú àpò rẹ̀. Aago márùn-ún. Ó mọ ẹni tó ń pè. Fóònù gbọ̀n, ó dákẹ́, ó tún gbọ̀n. Àga wà lọ́wọ́ rẹ̀ ọ̀tún, àga wà lọ́wọ́ rẹ̀ òsì. Ó ń rìn lọ.

Kí ó tó jáde, ó kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ìbánikẹ́dùn ńlá náà. Ó fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ síwájú orúkọ rẹ̀ bí àwọn tó kù ti ṣe. Kò rí ọ̀kan kọ.

Lẹ́nu ọ̀nà, Àǹtí Fọláyọ̀ fún un ní nọ́ńbà tirẹ̀ lórí bébà kékeré kan. "Ti bọ̀dá yín, ilé iṣẹ́ fóònù máa gé láìnì rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé," ó ní. Ó sì ti ilẹ̀kùn.

Nínú ọkọ̀ ojú irin, Adékànmí ṣí ẹ̀rọ ìkíni náà lórí fóònù rẹ̀, ó pa orúkọ irínwó rẹ́. Kò gba ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Olúfúnkẹ́ gbọ́ kọ́kọ́rọ́ nínú ilẹ̀kùn, ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó wo fáìlì, ó wo ojú ọkọ rẹ̀.

"Kò fọwọ́ sí i?"

"Ó ti kú, Fúnkẹ́. Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

Olúfúnkẹ́ gbé ọwọ́ lérí. Adékànmí sọ gbogbo rẹ̀ fún un ní ìdúró, bàtà rẹ̀ ṣì wà lẹ́sẹ̀, omi yìnyín ń ṣàn lórí ilẹ̀. Olúfúnkẹ́ kò sọ pé, 'Ṣebí mo sọ bẹ́ẹ̀.' Ó wọ yàrá lọ, ó sì gbé bàtà onírọ́bà kan tó nípọn jáde láti abẹ́ ibùsùn. Bí ó ti pẹ́ tó tó ti rà á pa mọ́ síbẹ̀, Adékànmí kò béèrè. Ó tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn de ọjọ́ Ajé.

"Ṣé ọmọ ń bẹ lọ́dọ̀ opó náà lálẹ́ yìí?" ni Olúfúnkẹ́ béèrè.

"Rárá. Ọmọ náà ti padà síbi iṣẹ́ rẹ̀. Òun nìkan ni."

"Ẹ pè é."

"Kí ni màá sọ?"

"Mi ò mọ̀. Ẹ pè é."

Adékànmí jókòó sídìí tábìlì. Ó tẹ́ bébà kékeré náà síwájú rẹ̀, ó tẹ nọ́ńbà náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ń dún lọ́hùn-ún. Oyinkán jáde pẹ̀lú ìwé rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìyá rẹ̀ sì fi ìka lé ètè sí i. Ó dún lẹ́ẹ̀kẹrin, ó dún lẹ́ẹ̀karùn-ún, lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé e.

"Hẹ́lò? Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, mà," ni Adékànmí wí. Kò sí ohunkóhun tó kọ sílẹ̀. Ó fi ẹnu ara rẹ̀ kí i:

"Ẹ káalẹ́."